Tọ́ọ̀ṣì oníṣọ́ọ̀kì: ẹ má kó o mọ́ ẹrù lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì

Tọ́ọ̀ṣì dúdú onírin yìí, tí wọ́n sábà máa ń kọ "Police" sí lára, kò ṣòro rí rà ní Nàìjíríà. Bọ́tìnnì kan ló ń tan iná rẹ̀. Tí ẹ bá tẹ èkejì, iná mànàmáná á máa fò láàárín àwọn irin ṣóńṣó tó wà létí gíláàsì rẹ̀, á máa dún tatata. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò burú, àmọ́ wọ́n sé bátìrì mọ́ inú púpọ̀ nínú wọn, tó bá ti kú, ó tán. Ẹ má gba iye fóólìtì tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́: kí iná tó lè fo sẹ̀ǹtímítà kan nínú afẹ́fẹ́, ó máa tó 30,000 fóólìtì. Mílíọ̀nù kan ì bá fò ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ.

Ohun tí páálí kò sọ ló burú jù. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, abala 5 òfin ìbọn ti 1968 ka tọ́ọ̀ṣì yìí mọ́ ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ. Wọ́n bá irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjì kan tí wọ́n ní tọ́ọ̀ṣì lásán làwọn pè é. Ní 2007, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ohun tí wọ́n rò kò yọ wọ́n. Ohun méjì péré ni agbẹjọ́rò ìjọba ní láti fi hàn: pé ẹ mọ̀ pé nǹkan náà wà níkàáwọ́ yín, àti pé ohun tí òfin kà léèwọ̀ ni lóòótọ́. Kò pọn dandan kó fi hàn pé ẹ mọ irú nǹkan tó jẹ́. Kó ti bàjẹ́ náà kò gbani. Wọ́n ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1992.

Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 10. Tí wọ́n bá wá kà á sí ohun ìjà tí wọ́n ṣe bíi tọ́ọ̀ṣì, ọdún 5 ló kéré jù fún àgbàlagbà, àfi tí adájọ́ bá rí ìdí tó ṣàrà ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni àìmọ̀ ti lè ràn yín lọ́wọ́. Èyí le jù lójú wa. Abala 25 Criminal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, sàn jù: ẹni tó fi òótọ́ inú gba ohun kan gbọ́, tí ìgbàgbọ́ náà sì bọ́gbọ́n mu, ohun tó gbà gbọ́ ni wọ́n á fi ṣèdájọ́ rẹ̀, àyàfi tí òfin kan bá yọ àwíjàre yẹn kúrò.

Tó bá ti wà nílé yín lọ́hùn-ún, ẹ má gbé e rìn ní títì, ẹ má jù ú sí ààtàn, ẹ má sì tà á. Ẹ kọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀, kí ẹ tó pe ọlọ́pàá lórí 101 láti béèrè bí wọ́n ṣe máa gbà á. Tí wọ́n bá mú yín, lọ́yà ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo èèyàn ní àgọ́ ọlọ́pàá ní England àti Wales. Ẹ béèrè fún un kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè kankan lórí ẹ̀sùn náà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ sí ẹbí lọ́hùn-ún, kó fọwọ́ kan etí gíláàsì rẹ̀ kó tó sanwó. Tí irin ṣóńṣó bá wà níbẹ̀, tàbí tí bọ́tìnnì kejì bá wà tí ẹni tó ń tà á kò lè ṣàlàyé, kó dá a padà.