Mo dìbò ní Peckham, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ̀ ń gbé Peckham, Camberwell àti Nunhead ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kú iṣẹ́ o. A máa ń sọ fún ara wa ibi tí iṣu ti dáa ní Rye Lane, ibi tí wọ́n ti ń dirun, ibi tí ẹran ò ti wọ́n. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ibùdó ìdìbò tí mo lọ, torí owó orí wa wà nínú ẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá.

Ọjọ́ 4 oṣù keje 2024 ni mo kọ́kọ́ dìbò ní ìlú yìí. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n lò fún àdúgbò wa, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ni mo kàn yà síbẹ̀, èèyàn méjì péré ló wà níwájú mi. Obìnrin tó jókòó ti tábìlì bi mí ní àdírẹ́sì mi, ó fi rúlà wá orúkọ mi nínú ìwé, ó wo pásípọ́ọ̀tù mi, ó wo ojú mi, ó fa ìlà, ó já bébà kan fún mi. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí títẹ̀ka, kò sí íńkì lára èékánná, kò sí ṣọ́jà lẹ́nu ọ̀nà. Pẹ́ńsù tí wọ́n fi okùn so mọ́ pákó ni mo fi fa X sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tí mo fẹ́, mo ká bébà náà mo jù ú sínú àpótí, ó tán. Mo ṣì dúró díẹ̀ torí mo rò pé wọ́n máa ní ó ku ibì kan, kò sí. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi tí mo ti fi odindi ọjọ́ dúró nínú oòrùn rí ní Ìbàdàn kí n tó lè tẹ̀ka, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ní ti ọjọ́ ìdìbò fúnra ẹ̀, ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún wọn.

Ibi tí mo ti yọ ìràwọ̀ kan kúrò ni pé wọn ò sọ ọ́ fún wa dáadáa. Ní 2019 mo ti wà níbí, mo béèrè ní ọ́fíìsì kan bóyá èmi tí mo ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lè dìbò, ẹni tó dá mi lóhùn ní rárá, ọmọ onílẹ̀ nìkan ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ní ìwé ìgbélùú tó sì ti pé ọdún 18 lè forúkọ sílẹ̀ kó dìbò yan aṣòfin, Nàìjíríà sì wà nínú Commonwealth. Odindi ọdún márùn-ún ni mo fi jókòó sílé nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ ní Peckham ní kí n má da ara mi láàmú, pé ẹgbẹ́ òṣèlú Labour náà ló máa wọlé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló jẹ́ kí n lọ ka ìtàn ẹkùn ìdìbò yìí. Òótọ́ wà níbẹ̀: láti 1936 tí Lewis Silkin ti gba Peckham fún Labour, ẹgbẹ́ míì ò gbà á mọ́. Freda Corbet dé ní 1950, ó wà níbẹ̀ títí di 1974, Harry Lamborn tẹ̀ lé e, ìgbà tí ìyẹn kú ní 1982 ni Harriet Harman wọlé. Oyún wà nínú obìnrin yẹn nígbà tó ń polongo, nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ilé aṣòfin pátápátá, ó sì wà níbẹ̀ di 2024, ó kù díẹ̀ kó pé ọdún 42.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà ṣáájú 1936. Wọ́n dá ẹkùn yìí sílẹ̀ ní 1885, Conservative ló kọ́kọ́ ní in, Liberal gbà á ní 1906, Conservative gbà á padà ní 1908, Liberal tún dé ní 1910. Ti 1908 yẹn ló wọ̀ mí lára jù, torí àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò wá sí ìgboro Peckham, wọ́n ń bẹ àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n má dìbò fún Liberal, nígbà tí àwọn fúnra wọn ò ní ìbò kankan. Conservative tún gbà á ní 1922, Hugh Dalton gbà á fún Labour ní 1924, lẹ́yìn ẹ̀ ni John Beckett, ẹni tó gbé ọ̀pá àṣẹ ilé aṣòfin ní 1930 (àwa tá a rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pá àṣẹ ilé aṣòfin àgbà ní Àbújá ní 2018, kò ṣàjèjì sí wa), ní 1931 Conservative tún gbà á. Ẹkùn kan náà nìyẹn o.

Ní 2019 Harman ní ìbò 40,258, ó fi 33,780 ju ẹni tó ṣìkejì lọ. Ní 2024 Miatta Fahnbulleh tí wọ́n bí ní Liberia ló wọlé fún Labour pẹ̀lú 22,813, ó fi 15,228 ju ẹni kejì lọ, Green sì ni ẹni kejì yẹn, kì í ṣe Conservative. Wọ́n tún ààlà yà láàárín ìbò méjèèjì, nítorí náà èèyàn ò lè fi wéra gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n èmi ò ní gbà kí ẹnì kan tún sọ fún mi pé nǹkan ò lè yí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ máa forúkọ sílẹ̀, ẹ mú nọ́ńbà National Insurance yín dání. Ẹ má dúró di ìgbà tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, torí ti 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni wọ́n ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ pa. Aago 7 àárọ̀ sí aago 10 alẹ́ ni wọ́n ń ṣí. Létà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ mú un wá, ìwé tó ní fọ́tò yín ni dandan, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà sì dára, kódà tó bá ti kọjá ọjọ́ tí fọ́tò inú ẹ̀ bá ṣì jọ yín.

Bí mo ṣe délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo lọ kan ilẹ̀kùn màmá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n torí pásípọ́ọ̀tù wọn ti kú láti ọdún tó kọjá. Mo sin wọ́n lọ, aago mẹ́sàn-án ti kọjá dáadáa. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì ṣí i, ó ní fọ́tò náà dáa, ó fún wọn ní bébà. Màmá pẹ́ nídìí pẹ́ńsù yẹn. Nígbà tí wọ́n ju bébà sínú àpótí tán, wọ́n padà lọ bi obìnrin náà bóyá àwọn tún máa wá forúkọ sílẹ̀ nígbà míì. Ó ní rárá mà, bí ilé ò bá ti yí padà, létà máa wá bá yín.