Tírélà típà gooseneck tí mo fi ń kó òkúta àti yẹ̀pẹ̀: ohun tójú mi rí lọ́dún méjì

Ọdún méjì rèé tí mo ti ń fi tírélà típà yìí ṣiṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní gooseneck, torí ọrùn iwájú ẹ̀ gùn ó sì tẹ̀ bí ọrùn ẹyẹ odò wá sínú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, ibẹ̀ ló ti ń so mọ́ bọ́ọ̀lù irin, kì í ṣe ìdí bọ́ńpà la so ó mọ́. Iṣẹ́ wa ni ká máa tún àyíká ilé ṣe, a máa ń tẹ́ òkúta sílẹ̀, a máa ń da yẹ̀pẹ̀ dúdú síbi tí wọ́n fẹ́ gbin koríko sí, a máa ń to òkúta ńlá jọ ṣe ògiri kékeré tí kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ya, torí náà nǹkan wúwo là ń kó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo wọn pátá: ẹ má fi ojú yan tírélà, ìwọ̀n ẹrù ni kẹ́ ẹ fi yàn án.

Kí n tó rà á, èyí tó ń so mọ́ bọ́ńpà ni mo lò fún ọdún mẹ́rin. Ó ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ bí mo bá ti kó yanrìn tútù sínú ẹ̀ tí mo bọ́ sójú títì tí ọkọ̀ ńlá kan wá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣe ni ìdí ẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í jù, á fà mí sọ́tùn-ún á tún fà mí sósì, ọwọ́ mi á le mọ́ sítíárì, ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á kàn dákẹ́ ni, kò ní lè sọ̀rọ̀. Gooseneck kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí ẹ̀ sì hàn: bọ́ọ̀lù tiẹ̀, tó fẹ̀ tó íǹṣì 2 5/16, wà lókè axle ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) gan-an tàbí iwájú ẹ̀ díẹ̀, ẹrù ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí táyà wà, kò rọ́nà fi ìdí ọkọ̀ ṣeré. Èyí tó ń so mọ́ bọ́ńpà máa ń gbé bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹ̀ lé ọkọ̀ lórí, gooseneck máa ń gbé ìdá 20 sí 25. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi kó ẹrù, ọkọ̀ ńlá mẹ́ta ló kọjá lára mi, tírélà ò mì. Mo délé mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Torí ìyẹn nìkan, mi ò ní padà sí ti bọ́ńpà mọ́ láé.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni bí mo ṣe yàn án. Ẹni tó tà á fún mi ní, "Ẹ wo inú ẹ̀ bó ṣe tóbi tó, yáàdì méje ló gbà." Òótọ́ ló sọ. Ó gùn ní fíìtì 14, ó fẹ̀ tó 7, ògiri ẹ̀ ga ní 2, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ ẹ pín in sí 27 (yáàdì kan tí à ń sọ níbí ni àyè tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní fíìtì mẹ́ta mẹ́ta), ó lé díẹ̀ ní yáàdì 7. Àmọ́ yáàdì méje kí ni? Ìyẹn lẹ́nì kankan ò bá mi sọ. Yáàdì kan òkúta wẹ́wẹ́ wúwo tó pọ́ùn 2,800. Yanrìn tútù lè kọjá 3,000. Yẹ̀pẹ̀ dúdú máa wà láàárín 2,000 sí 2,700, ó dá lórí bí omi ṣe wà lára ẹ̀ tó. Èèpo igi lílọ̀ tí wọ́n ń dà sídìí òdòdó, tá à ń pè ní mulch, èyí tó bá gbẹ lè má ju 500 sí 800 lọ. Tírélà tèmi, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára pé kò gbọ́dọ̀ jù ni 14,000, òun fúnra ẹ̀ lófìfo ti wúwo tó 5,000, ó ku 9,000 fún ẹrù. Ẹ wá ṣe é: yáàdì òkúta mẹ́ta ti di 8,400. Mẹ́ta péré! Kò tíì dé àárín ògiri, ẹni tó bá ń wò ó á rò pé a ò tíì kó nǹkan kan. Bí mo bá sọ pé kí oníkatapílà kún un dénú, 19,600 ni òkúta nìkan, tírélà á jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo dúpẹ́ pé nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ ra òkúta, ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí tẹ̀ lé mi lọ. Oníkatapílà ti da abọ́ méjì, ó fẹ́ da ìkẹta, mo sì ń juwọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Ẹ̀gbọ́n pariwo, "Dá a dúró! O ò rí táyà ẹ ni?" Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, táyà ti fẹjú sílẹ̀ gan-an. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́lẹ̀ inú ẹ̀ ṣì ń hàn o." Wọ́n ní, "Tẹ́lẹ̀ kọ́ là ń wò." A lọ sórí òṣùwọ̀n, ó ku bí ọgọ́rùn-ún mẹ́rin pọ́ùn ká kọjá ibi tó yẹ. Látọjọ́ náà, mo fi pẹ́ńtì funfun fa ìlà mẹ́ta sínú ògiri ẹ̀: ìlà òkúta nísàlẹ̀, ti yẹ̀pẹ̀ lókè ẹ̀, ti mulch lókè pátápátá. Ọmọ tó bá ń bá mi ṣiṣẹ́, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró.

Nítorí náà tí wọ́n bá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ra ògiri gíga fíìtì 4, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé kí lẹ máa ń kó jù. Tó bá jẹ́ mulch àti ewé àti ẹ̀ka igi, ó dáa gan-an, torí yáàdì 14 mulch gbígbẹ ṣì lè wà ní ìwọ̀n 9,000 yẹn (kí òjò má ṣáà rọ̀ sí i). Tó bá jẹ́ òkúta, ògiri gíga kàn ń jẹ nínú ìwọ̀n tẹ́ ẹ lè kó ni, ó sì ń pe oníkatapílà pé kó da sí i.

Ọ̀rọ̀ ìdá 20 sí 25 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà tún wà níbẹ̀. Tírélà 14,000 tó kún máa gbé nǹkan bí 2,800 sí 3,500 lé píkọ́ọ̀pù yín lórí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ìwé pélébé kan wà lára irin ibẹ̀ tó sọ iye tí èèyàn pẹ̀lú ẹrù inú ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ jù. Píkọ́ọ̀pù tí mo ní nígbà yẹn, 2,400 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lè fa tírélà náà dáadáa, kódà ó ń fà á bí eré, ẹ̀yìn ẹ̀ ni kò lè gbé e. Bí àwa mẹ́ta bá wọlé, pọ́ùn 550 ti lọ nínú 2,400 yẹn ká tó so nǹkan kan mọ́ ọn. Mo ní láti pààrọ̀ píkọ́ọ̀pù, èyí tí mo ń lò báyìí gbé 4,100. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, torí ká ní mo wo ìwé yẹn kí n tó sanwó tírélà, ǹ bá ti ra méjèèjì kí wọ́n bá ara wọn mu. Fún àwa tá a wà ní Amẹ́ríkà, ẹ tún ro ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì mọ́ ọn: tí ìwọ̀n tí wọ́n kọ pé píkọ́ọ̀pù àti tírélà ò gbọ́dọ̀ jù, tàwọn fúnra wọn tẹrùtẹrù, bá ti dé 26,001 lápapọ̀, tí ti tírélà nìkan sì ju 10,000 lọ, láísẹ́ǹsì CDL ti Class A, ti àwọn tó ń wa ọkọ̀ ńlá, ni wọ́n máa béèrè. Tèmi jẹ́ 11,500 pẹ̀lú 14,000, mo wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá fi píkọ́ọ̀pù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tó jẹ́ 14,000 fa irú tírélà kan náà ti kọjá ẹ̀, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ títí wọ́n á fi dá wọn dúró.

Ká wá sórí irin ẹ̀. Tẹ́lẹ̀ tèmi, irin ìsàlẹ̀ inú ẹ̀, jẹ́ 10-gauge (gauge ni wọ́n fi ń sọ bí irin ṣe nípọn tó), nọ́ńbà yìí ń ṣi èèyàn lọ́nà torí bó bá ṣe kéré ni irin ṣe nípọn, 7-gauge nípọn ju 10 lọ. Fún yẹ̀pẹ̀ àti mulch 10 tó. Àmọ́ ní oṣù kẹta a kó òkúta ńlá ńlá fún ògiri kan, oníkatapílà jẹ́ kó já lulẹ̀ láti òkè, gbàgà! Nígbà tá a dà á tán mo rí i pé tẹ́lẹ̀ ti jìn wọlé láàárín àwọn irin ìdábùú, ibi tó jìn yẹn ló wá ń gba omi dúró tí ìpẹtà sì ti mú un. Àwọn irin ìdábùú tó wà lábẹ́ ẹ̀ náà ṣe pàtàkì, ẹ fi téèpù wọn àyè tó wà láàárín wọn, íǹṣì 12 dáa ju 16 lọ fíìfíì. Ẹ wọ abẹ́ ẹ̀ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má tijú. Ní báyìí tá a bá fẹ́ kó òkúta ńlá, a máa ń kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ kó gba agbára ìjábọ́ ẹ̀.

Jáàkì tó ń gbé e sókè, tèmi jẹ́ irú tó ń ṣí bíi sísọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ràn ẹ̀, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kì í yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan fẹ́ràn èyí tó wà níwájú tó ń nà jáde bí ọ̀pá, ìyẹn máa ń gbé e ga gan-an, ó dáa fún amọ̀ tó ń lẹ̀, àmọ́ ó nílò kí ilẹ̀ tẹ́ dáadáa. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, bátìrì lọba níbẹ̀. Ẹnì kan ò sọ fún mi pé wáyà kékeré tó ń wá láti píkọ́ọ̀pù ò lè cháájì bátìrì tírélà kún padà láàárín ẹrù kan sí èkejì. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú, a ti da ẹrù méjì, a gbé ìkẹta sókè, ó dé àárín ó dúró, pọ́ńpù ń kùn hùn-ùn hùn-ùn kò lọ mọ́. Yẹ̀pẹ̀ tútù nínú ẹ̀, kò lọ sókè, kò sì tíì dà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ fẹ́ wọ abẹ́ ẹ̀ lọ wo wáyà, mo fi ariwo lé e jáde. Ẹ gbọ́ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ẹ̀ nígbà tó bá wà lókè láìjẹ́ pé ẹ ti fi irin àtìlẹ́yìn ẹ̀ tì í. Jáàkì lè tú nígbàkigbà. Wáyà jọ́ńpà la fi mú iná láti píkọ́ọ̀pù kó tó gbéra. Mo ti fi páànẹ́ẹ̀lì sólà kékeré sí i lórí báyìí, mo sì máa ń ki í sí cháájì lálẹ́ nílé, kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bátìrì yìí kan náà ló ń di bíréèkì mú tí tírélà bá já kúrò lára ọkọ̀ lójú ọ̀nà, torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ dída yẹ̀pẹ̀ nìkan.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tiẹ̀ dáa gan-an, ó lè ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilẹ̀kùn ilé, ó sì lè mì láti òkè kí òkúta máa tú jáde díẹ̀díẹ̀ bá a ṣe ń wakọ̀ lọ, ṣéènì la fi ń díwọ̀n ẹ̀. Tapólì tó ká mọ́ iwájú ẹ̀ ti ya lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ra èyí tó nípọn.

Táyà ńkọ́? Èyí tó bá a wá jẹ́ load range E (lẹ́tà yìí ló ń sọ bí ẹrù tí táyà lè gbé ṣe pọ̀ tó), ìkọ̀ọ̀kan ń gbé pọ́ùn 3,520 tí atẹ́gùn inú ẹ̀ bá pé 80 psi. Mẹ́rin jẹ́ 14,080 lórí tírélà 14,000. Píkọ́ọ̀pù ń gbé díẹ̀ nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí ọ̀kan bá dín díẹ̀ ní atẹ́gùn, gbígbóná ló kàn. Ọ̀kan bẹ́ ní oṣù kẹwàá. Mo sún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí load range G, èyí tó ń gba 110, mo rí i dájú pé wíìlì náà lè gbà á, ọkàn mi sì balẹ̀. Ẹ tún nọ́ọ̀tì wíìlì fún lẹ́yìn máìlì 50 àkọ́kọ́, tèmi tú lóòótọ́, méjì.

Ohun tó lè máà dùn mọ́ yín: ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ti lọ nìyẹn, irinṣẹ́ tá a máa ń jù síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tá à ń wá ibòmíì gbé sí. Tí bọ́dì píkọ́ọ̀pù yín bá kúrú, iwájú tírélà lè kọ lu gíláàsì ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá yí i jù, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó rà á. Ó sì máa ń gé kọ́nà, táyà ẹ̀ máa gun ẹ̀gbẹ́ títì tẹ́ ẹ ò bá fẹ̀ ẹ́ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dà á, ẹ wo ilẹ̀, ẹ wo òkè. Ilẹ̀ tó bá dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè dojú ẹ̀ dé, pàápàá amọ̀ tútù tó bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan tí èkejì ti dà, wáyà iná tó wà lókè sì ni ikú. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ yí i ká lẹ́ẹ̀kan kí n tó fọwọ́ kan rìmóòtù.

Mo ti ń wá èkejì báyìí, torí iṣẹ́ ti pọ̀. Fíìtì 14 náà ni mo fẹ́, tẹ́lẹ̀ 7-gauge, ìdábùú íǹṣì 12, ògiri fíìtì 2, kò sóhun tí mo fẹ́ fi ògiri gíga ṣe. Ẹni tí mo lọ bá tún ní, "Ẹ wá wo bó ṣe tóbi." Mo ní kó kọ́kọ́ fi ìwọ̀n ẹ̀ lófìfo hàn mí.