Ọkọ̀ oníná tí ojú rẹ̀ ò jọ tẹnìkan: ohun tí ojú mi rí fún ọdún kan àbọ̀

Òjò ń rọ̀, aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀, mo dúró níwájú ọkọ̀ tí mo fowó ara mi rà, mo ń fi ìka tọ́ ọ bí ẹni tó ń jí ọmọ tó sùn. Ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wọnú ara ọkọ̀ lọ, ó ní òun ò jáde mọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: tí ẹ bá ti tì í, ọwọ́ ilẹ̀kùn á sún wọlé, ara ọkọ̀ á dán gbọnrandan bí ara ẹyin, tí ẹ bá mú kọ́kọ́rọ́ sún mọ́ ọn, á yọ jáde wá kí yín. Ó ti ń yọ jáde wá kí mi láti ọdún kan àbọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò kí ẹnikẹ́ni.

Mo ṣí áàpù orí fóònù. Áàpù ní ọkọ̀ mi ò sí nítòsí. Ọkọ̀ tí mo fara tì!

Bó ṣe ń sáré tó, bí bátìrì rẹ̀ ṣe tóbi tó, iye kìlómítà tó ń rìn lórí cháájì kan, mi ò ní kọ ìyẹn síbí, ó wà nínú gbogbo ìwé ìpolówó. Orúkọ rẹ̀ náà, ẹ má bi mí, torí mi ò fẹ́ kí ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò yìí di ti kóòtù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tà á fún mi, àti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nígbẹ̀yìn, ni mo wá sọ.

Mo pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi orin dá mi dúró fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Mo ń wo aago. Ọmọbìnrin tó wá gbé e kí mi dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

"Ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tẹ ọwọ́ ilẹ̀kùn náà díẹ̀."

"Àbúrò, ọwọ́ ilẹ̀kùn ló wọlé tí kò jáde. Kí ni kí n tẹ̀?"

"Ẹ má bínú sà. Ẹ bá mi tẹ ibi tó yẹ kó wà."

Mo tẹ ibi tó yẹ kó wà. Mo tẹ ibi tí kò yẹ kó wà. Mo tẹ ti ọ̀dọ̀ awakọ̀, mo yí po, mo tẹ ti apá kejì, omi ń ṣàn wọ ẹ̀yìn ọrùn mi.

"Ó dáa sà. Ṣé ẹ lè wọnú ọkọ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn?"

Ẹ jẹ́ kí n má kọ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Òun náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó dákẹ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú òjò bíi wèrè. Ó jọ pé ó ti ìwé tó ń kà fún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ohùn rẹ̀ yí pa dà. Ó ní, "Sà, ẹ wo ẹ̀yìn rìmóòtù yín, kọ́kọ́rọ́ irin kékeré kan wà nínú rẹ̀, ẹ fà á yọ. Ẹ wá fi ọwọ́ wá abẹ́ ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ wà. Ìdérí pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, ẹ fi èékánná ká a."

Mo ká a. Ihò kọ́kọ́rọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀! Ihò kọ́kọ́rọ́ lásán, bíi ti gbogbo ọkọ̀ àtijọ́. Mo ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti ọdún kan àbọ̀, kò sì sẹ́ni tó fi hàn mí. Mo yí i, ilẹ̀kùn ṣí. Inú ọkọ̀ ṣókùnkùn birimùbirimù.

Bátìrì kékeré ló kú. Bátìrì ńlá tó ń gbé ọkọ̀ rìn kún dáadáa, ṣùgbọ́n bátìrì oní fóòtì (volt) 12, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ elépo látọjọ́ pípẹ́, ló ń bójú tó ilẹ̀kùn, iná inú ọkọ̀ àti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti dákẹ́, ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ lè gbé e dé ìlú mìíràn ò lè ṣílẹ̀kùn ara rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká pa dà sọ́jọ́ tí mo rà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníkóòtù kan ló mú mi yí ọkọ̀ náà po. Ó ní imú rẹ̀ kúrú torí kò sí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fẹ́ tọ́jú síbẹ̀. Bátìrì ló tẹ́ sísàlẹ̀ pẹrẹsẹ, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ inú rẹ̀ ò fi ní gegele láàárín. Wọ́n dí iwájú rẹ̀ pa torí kò nílò atẹ́gùn bíi ti elépo. Kámẹ́rà rọ́pò dígí ìwẹ̀yìn, ọwọ́ ilẹ̀kùn wọlé, kí atẹ́gùn má baà rí nǹkan dì mú. Gbogbo ẹ̀ ló nídìí, gbogbo ẹ̀ ló yé mi. Ló bá wá sọ gbólóhùn tó mú owó kúrò lápò mi: "Ọ̀gá mi, ọkọ̀ nìkan kọ́ lẹ fẹ́ rà yìí o. Ọjọ́ iwájú ilé iṣẹ́ wa lẹ fẹ́ gbé lọ sílé. Tó bá fi máa tó ọdún márùn-ún, gbogbo ọkọ̀ wa ló máa jọ èyí."

Mo gbà á gbọ́. Mo tiẹ̀ ń tún un sọ fáwọn tó ń fi ọkọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin máa ń pè é ní ìbọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì òjò yẹn, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, mo tẹ̀ lé e. Nínú yàrá tí wọ́n ní kí n ti dúró, àwòrán ọkọ̀ tuntun wọn gba ògiri kan tán. Mo wò ó. Mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún wò ó. Ọwọ́ ilẹ̀kùn tó yọ síta, tí èèyàn lè dì mú. Dígí gidi létí méjèèjì. Imú gígùn. Tí wọ́n bá bo orúkọ iwájú rẹ̀, ẹ ò ní mọ ẹni tó ṣe é.

Oníkóòtù ọjọ́sí ló sì ń bọ̀ yìí, kóòtù kan náà ló wọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé gbogbo ọkọ̀ yín ló máa jọ tèmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ní ohun táwọn mọ̀ làwọn ń fẹ́."

"Èmi kì í ṣe oníbàárà ni?"

"Oníbàárà pàtàkì ni yín sà."

Ó kí mi, ó lọ. Orí àga ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àgbéyẹ̀wò yìí lórí fóònù. Máàkì tí mo kọ́kọ́ kọ sókè ni 1 nínú 10, mo sì ń ronú bóyá wọ́n máa ń gba òdo. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe òjò. Ó dùn mí pé mo ra nǹkan tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn ò fẹ́ mọ́.

Ẹni tó pè mí wọlé lẹ́yìn náà jẹ́ ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn há sí abíyá rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ kí n buwọ́ lùwé ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ bá wọn sọ níta. Ẹ wá wo nǹkan."

Wọ́n ti gbé ọkọ̀ mi sókè. Èkejì tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ tuntun inú àwòrán yẹn, wọ́n ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ fún ẹni tó rà á. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ tèmi: pẹrẹsẹ bí àwo ńlá, wáyà aláwọ̀ ọsàn nínípọn tó ń gbé iná ńlá wọ́ lọ láti ẹ̀yìn síwájú. Ó tan án sí ìsàlẹ̀ èkejì. "Ẹ fi ibì kan hàn mí tí wọn ò ti jọra."

Mo wá a. Mo wá a dáadáa, ọrùn ń ro mí. Àpótí bátìrì kan náà, bóòtù rẹ̀ kan náà, wáyà tọ ọ̀nà kan náà, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ oníná tó ń yí táyà ẹ̀yìn bára mu débi àmì ìdánudúró àárín wọn.

Ó ní, "Ojú ni àwọn ọ̀gá ń pa dà. Ikùn yìí, wọn ò lè máa pa á dà lójoojúmọ́, ibẹ̀ lowó wọn wọlẹ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ilé iṣẹ́ kan ń lọ, ẹ má wo iwájú ọkọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀." Mo bi í ní ti kámẹ́rà. Ó ní òfin Amẹ́ríkà ò gbà kí kámẹ́rà rọ́pò dígí pátápátá, ẹni tó bá sì fẹ́ tà káàkiri ayé lè má fẹ́ máa ṣe ẹ̀yà méjì. Ó pààrọ̀ bátìrì kékeré náà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ tò kó lè máa kìlọ̀ fún mi kí ìyẹn tó kú. Ó tún ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ irin náà ṣílẹ̀kùn lójú òun lẹ́ẹ̀mẹta. Bíi kíláàsì.

Láti ọjọ́ yẹn ni ojú tí mo fi ń wo àwọn ọkọ̀ oníná aláràbarà ti yí pa dà. BMW gbé i3 jáde ní 2013: ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sẹ́yìn, táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, carbon fibre, ohun fífúyẹ́ tó sì le, ni wọ́n fi ṣe ilé tí èrò ń jókòó sí. Wọ́n ṣe nǹkan bí 250,000 kí wọ́n tó dá a dúró ní 2022. i4 tí wọ́n ti gbé jáde ní 2021 ńkọ́? Ara 4 Series tó ń jẹ epo ló gbé wọ̀. Ojú i3 ò bá wọn lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà ò di ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tuntun wọn. Honda e, oníkámẹ́rà bíi tèmi, ò lò ju nǹkan bí ọdún mẹ́rin lọ lórí àtẹ. EV1 ti General Motors, tí atẹ́gùn ò rí gbá mú, 1996 ló jáde. Wọ́n yá a fáwọn èèyàn, wọn ò tà á, wọ́n wá gbà á pa dà, wọ́n sì fọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ wómúwómú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Hyundai. Ní 2019 wọ́n fi ọkọ̀ àwòṣe kan, tí kì í ṣe títà, hàn ní Frankfurt, onígun, wọ́n pè é ní 45, kó lè rán wa létí Pony, ọkọ̀ wọn ayé àtijọ́. Ó di Ioniq 5 ní 2021. Èèyàn á ní ojú tí wọ́n ń bá lọ nìyẹn, àfi bí Ioniq 6 ṣe dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e tó rí kọrọbọtọ bí òkúta inú odò. Ẹ gbé méjèèjì sókè: ìsàlẹ̀ kan náà tí wọ́n ń pè ní E-GMP ló wà lábẹ́ wọn, òun náà ló wà lábẹ́ EV6 ti Kia.

Cybertruck, ọkọ̀ akẹ́rù oníná ti Tesla, ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Lọ́jọ́ tí Tesla fi í hàn ní 2019, gíláàsì tí wọ́n ní ó lágbára gan-an ló fọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ọdún 2023 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o fún àwọn tó rà á. Gbogbo wa ń jiyàn lórí irin ara rẹ̀ tí wọn ò kùn lọ́dà. Model Y, ọkọ̀ Tesla mìíràn, tí wọ́n tún ṣe ní 2025, roboto ni, ó kun ọ̀dà bíi tàtijọ́, iná gbọọrọ iwájú nìkan ló jọ tiẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ fara sin: fóòtì 48 ni ẹ̀rọ kéékèèké inú Cybertruck ń lò dípò 12. Ẹ̀yin tí òjò ò pa rí láìrí ọkọ̀ wọ̀, ó lè má jọ yín lójú.

Èyí tó bá rí bákan torí owó, ìyẹn yàtọ̀. Ilẹ̀kùn ọ̀tún àti tòsì Citroën Ami, ọkọ̀ oníná kékeré ti 2020, jẹ́ ọ̀kan náà gan-an, kí owó tí wọ́n fi ń ṣe é lè dín. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń ṣí síwájú tí èkejì ń ṣí sẹ́yìn. Ẹ fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó ronú ẹ̀ ò fi ṣe fáàrí.

Ó ku tèmi. Màmá mi, tí orúnkún ń dà láàmú, ń wọlé láìgbẹ́sẹ̀ ga, wọ́n á sún láti apá kan bọ́ sí èkejì lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn. Ọkọ̀ tó sàn fún wọn jù èyí, mi ò tíì rí i. Lóru nínú òjò, kámẹ́rà ń fi ẹ̀yìn hàn mí kedere ju dígí lọ. Ní ọ̀sán, mi ò mọ bí ògiri ṣe jìnnà sí mi tó nínú rẹ̀, ara ọkọ̀ mi ti sọ ìyẹn fún yín tẹ́ ẹ bá wo apá òsì rẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan gbá kámẹ́rà kan dànù, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dúró de òmíràn, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn ò ní ṣe é mọ́. Ikùn rẹ̀ á máa rí páàtì. Ojú rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù fún.

Àwọn tí mo kọ́kọ́ ka èyí fún ní 4 ni mo máa fún un, pé mo ti kan án lábùkù ju ìyẹn lọ. Rárá o.

Máàkì: 9 nínú 10. Ẹyọ kan tí mo yọ, ti orin tí wọ́n fi dá mi dúró nínú òjò yẹn ni.