Páálí ORS àti síǹkì: oògùn ìgbẹ́ gbuuru tí kò gbọdọ̀ wọ́n nílé ọlọ́mọ

Mo fọwọ́ sọ̀yà lórí páálí kékeré tí wọ́n di ORS (ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi) àti síǹkì pọ̀ sí yìí. Èyí tí mo rà ní kẹ́míìsì kan n'Íbàdàn ní ọ̀rá ORS méjì àti hóró síǹkì mẹ́wàá nínú. Láti 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti kọ àdìpọ̀ méjèèjì mọ́ àwọn oògùn pàtàkì.

Àkànkẹ́, ọmọọmọ mi, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ni mo rà á fún. Ó ń ṣu omi láti òru, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì dá, ó sì ń mumi. Ẹni tó ta oògùn fẹ́ fi Flagyl, oògùn apakòkòrò, kún un, mo ní rárá. Omi àti iyọ̀ ara tó ń bá ìgbẹ́ lọ ló ń pa ọmọ, òun sì ni ORS ń dá padà. Kì í dá ìgbẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀ o, ẹ má torí ìyẹn pè é ní ayédèrú.

Ọ̀rá ORS inú páálí yìí kan, omi lítà kan. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n kọ 50cl sí lára, méjì rẹ̀ ló pé lítà. Mo dà á sínú jọ́ọ̀gì tó mọ́, mo da gbogbo ìyẹ̀fun náà sí i, mo rò ó títí ó fi yòrò. Ẹ má pín ìyẹ̀fun ọ̀rá kan sí méjì, ẹ má sì fi ṣúgà kún un. Ṣíbí ni mo fi ń fún un, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bì, mo dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kù lọ́jọ́ kejì, dídànù ni.

Síǹkì 20 mg, hóró kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ìgbẹ́ ìbáà ti dá. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ìdajì hóró. Mo yọ́ ọ sínú omi ṣíbí kan, Àkànkẹ́ ò tu ú. Ọmú àti ògì ò dúró.

Ohun tó dùn mí ni pé òyìnbó nìkan ni wọ́n fi kọ ìlò rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tún rí tín-ín-rín, àfi ìgbà tí mo gbé e sábẹ́ iná ni mo tó rí i kà. Ìyá tó nílò rẹ̀ jù lọ ni kò ní lè kà á! Kí ló dé tí wọn ò ya àwòrán ọ̀rá omi méjì sí i lára?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa sọ pé eyín ló ń hù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ojú ọmọ jìn wọnú, tàbí tí kò lè mumi mọ́, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá, kẹ́ ẹ máa fún un ní ORS lọ́nà.