Àpótí ìwé àwọn arìnrìn-àjò òkun: ó dáa o, àmọ́ ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín kà á

Ó ti tó oṣù kan témi àtàwọn ọmọ mi méjì ti ń lo àpótí yìí, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 9, èkejì 11, torí náà kì í ṣe pé mo kàn ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan kí n tó wá máa sọ̀rọ̀. Ìtàn àwọn òyìnbó tó wọ ọkọ̀ ojú omi kiri ayé láyé ìgbà yẹn ló wà nínú ẹ̀. Ìwé kan, káàdì, máàpù ńlá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, àti páálí tí ọmọ máa gé táá fi ṣe astrolabe, ìyẹn nǹkan tí àwọn atukọ̀ fi ń wo bí oòrùn ṣe ga tó kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ n yin máàpù yẹn ná, torí òun nìkan ti tó owó tí mo san. Ibi tí wọ́n mọ̀ nígbà yẹn nìkan ni wọ́n yà, gbogbo ìyókù funfun báláú, bí ọmọ bá ṣe ń kàwé láá máa lẹ sítíkà mọ́ ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bíi ìgbà tí Dias, atukọ̀ Potogí kan, yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà ká ní 1488 àti ìgbà tí da Gama, Potogí bíi tiẹ̀, dé Calicut ní Íńdíà ní 1498. Èyí àbúrò bi mí pé kí ló dé tí da Gama ò kàn rọra tẹ̀ lé etíkun, tó wá yà bàrà wọ àárín agbami, tí wọn ò fojú kan ilẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Mi ò tíì dáhùn tó ti rí àmì afẹ́fẹ́ lórí máàpù, ló bá pariwo pé "afẹ́fẹ́ ló ń gbé wọn!" Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn, torí ọ̀pọ̀ ìwé orúkọ àti ọdún nìkan ni wọ́n máa ń kó sọ́mọ lórí.

Ojú ìwé tó sọ nípa oúnjẹ náà dáa. Àwọn èèyàn Magellan, atukọ̀ Potogí tó ń ṣiṣẹ́ fún Spéìn, jẹ eku, wọ́n jẹ awọ lórí òkun Pàsífíìkì, èrìgì wọn ń wú torí wọn ò rí èso tàbí ẹ̀fọ́ tútù jẹ. Àwọn ọmọ ní kí n tún un kà.

Ibi tó wá bí mi nínú nìyí. Iwájú ìwé kọ ọ́ gàdàgbà pé Magellan ló kọ́kọ́ yí ayé po. Irọ́ ni jàre! Wọ́n pa á ní Mactan, ní Filipínì, ní 1521. Ọkọ̀ márùn-ún ló gbéra lọ́dún 1519, ọ̀kan ṣoṣo ló padà dé Spéìn ní 1522 pẹ̀lú èèyàn 18, Elcano, ọ̀kan nínú àwọn èèyàn Magellan, ló sì wà á délé. Inú ìwé sọ ọ́ dáadáa o, iwájú ló ń purọ́.

Káàdì Columbus ní òun ló "ṣàwárí" Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àwọn Taíno tó bá níbẹ̀ ńkọ́, ṣé wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé ni?" Mi ò rí èsì fún un. Ọ̀rọ̀ ẹrú sì rèé, ìlà mẹ́rin péré! Lọ́dún 1444 àwọn Potogí ti já àwọn èèyàn Áfíríkà tó lé ní 200 sílẹ̀ ní Lagos (ti Potogí o, kì í ṣe Èkó), wọ́n pín wọn bí ẹni pín ẹran, àmọ́ sítíkà Elmina, ilé odi tí wọ́n kọ́ sí Gánà ní 1482 tí wọ́n wá ń kó ẹrú sí, kàn jẹ́ ilé ńlá kan tó rẹwà. Zheng He ti Ṣáínà tó kó ọkọ̀ rẹpẹtẹ dé ìlà oòrùn Áfíríkà ṣáájú wọn, wọn ò dárúkọ ẹ̀ rárá.

Sítíkà tètè ń bó, astrolabe náà ya lọ́jọ́ kejì. Wọ́n kọ ọ́ sára àpótí pé ọmọ ọdún 7 sókè ló wà fún, èmi á ní 9. Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún, máàpù ló gbé e débẹ̀.

Àwọn ọmọ mi ti fi máákà pa Magellan rẹ́ níwájú ìwé, wọ́n kọ "Elcano àtàwọn èèyàn 17" sí i.