Wolé-wolé tiwa àti ti kánsù London, èwo lẹ fara mọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà n'Íbàdàn tàbí Èkó láyé ijọ́un, ẹ ò lè gbàgbé wolé-wolé. Wọ́n á wọ kákí, wọ́n á kàn ya wọlé láàárọ̀, wọ́n á ṣí àmù omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọ́n á dé ṣáláńgá, wọ́n á dé ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n bá wá rí ìdọ̀tí, ìwé kóòtù nìyẹn fún bàbá onílé. Táwọn ìyá wa bá ti gbọ́ pé wọ́n wà ládùúgbò, ṣe ni wọ́n á sáré da omi àmù nù!

Ti London ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Southwark, níbi tí Peckham tiwa yẹn wà, tó o bá fẹ́ ta jọ̀lọ́ọ̀fù wàá ti forúkọ sílẹ̀ ní kánsù, ó kéré tán ọjọ́ 28 kó o tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀fẹ́ ni o, lẹ́yìn náà wọ́n á yọ sí ẹ láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n á wo fíríìjì, ibi tẹ́ ẹ ti ń fọwọ́, bóyá eku ń rìn níbẹ̀, wọ́n á wá fún ẹ ní máàkì láti 0 dé 5. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní England kò pọn dandan kó o lẹ sítíkà ẹ̀ síta, àmọ́ ní Wales òfin ni látọdún 2013. Èmi o, tí mi ò bá ti rí sítíkà lẹ́nu ọ̀nà, mo ti bá tèmi lọ.

Máàkì yẹn ni mo fara mọ́ fún búkà. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀fọn ńkọ́? Ẹni tó máa ṣí àmù wò la nílò níbẹ̀ jàre.