Oúnjẹ Minahasa ní Tomohon: ẹ fi ọjà ejò yẹn sílẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń sun ọparun

Tó bá jẹ́ fídíò ọjà Beriman orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ fi mọ ìlú Tomohon, ẹ ó rò pé eku àti ejò ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ pé mo lọ ló ń bi mí pé ṣé mo jẹ àdán, kò sẹ́nì kan tó bi mí pé kí ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mo wá ní kí n kọ ọ́ síbí, kẹ́ni tó bá fẹ́ lọ lè mọ ibi tó máa náwó ẹ̀ sí.

Apá àríwá erékùṣù Sulawesi ní Indonéṣíà ni Tomohon wà, nǹkan bíi kìlómítà 25 sí Manado tó wà létí òkun, Manado lẹ ti máa bọ́ọ́lẹ̀ nínú bàlúù. Òkè lẹ ó máa gùn látibẹ̀ lọ, ọ̀nà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ooru ń dín kù, kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ẹ ó ti máa wá súwẹ́tà. Lokon àti Mahawu ló há ìlú náà sáàárín, òkè ayọnáyèéfín làwọn méjèèjì, kódà Lokon bú lọ́dún 2011 tí wọ́n fi ní láti kó àwọn ará abúlé ìtòsí kúrò. Ṣùgbọ́n òkè yìí náà ló jẹ́ kí ilẹ̀ wọn lọ́ràá, ẹ̀fọ́ àti òdòdó kún ẹ̀gbẹ́ títì débi wí pé ìlú òdòdó ni wọ́n ń pe ara wọn.

Kẹ́ ẹ tó wọ Tomohon gan-an ẹ ó kan Tinoor, àwọn ilé oúnjẹ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá jókòó sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ẹ ó máa rí Manado àti òkun nísàlẹ̀. Ẹ yà síbẹ̀ jàre. Ilé tí mo wọ̀, wọn ò mú mẹ́nù kankan wá. Ìrẹsì funfun ló kọ́kọ́ dé, wọ́n wá ń to abọ́ kéékèèké sórí tábìlì títí tí ò fi sáyè tá a lè gbé ìgbọ̀nwọ́ lé mọ́, èyí tẹ́ ẹ bá jẹ lẹ máa sanwó ẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló pọ̀ jù torí Kristẹni lọ̀pọ̀ àwọn Minahasa, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ragey, ẹran ọlọ́ràá tí wọ́n gé gbàǹgbà-gbàǹgbà, tí wọ́n fi ọparun gún, tí wọ́n sì sun lórí ẹ̀yinná. Ó dáa, àmọ́ òun kọ́ ló mú mi padà lọ.

Tinoransak ni. Ẹran tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n po pọ̀ mọ́ ata, àlùbọ́sà, jínjà, ewé tíì, ewé ọsàn wẹ́wẹ́, ewé ata ilẹ̀ pupa, wọ́n á kì í bọ inú ọparun tútù, wọ́n á fi ewé dí i lẹ́nu, wọ́n á gbé e ti iná, ẹnì kan á wá jókòó tì í tí á máa yí i lóòrèkóòrè kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà jóná kí èkejì sì wà ní tútù. Ara ọparun á dúdú kirimu, inú ẹ̀ ò ní jó. Tí wọ́n bá la ọparun yẹn níwájú yín, òórùn ewé yẹn á kọ́kọ́ kọlù yín nímú kí ẹran tó jáde. Ewé pangi náà wà, ewé yẹn ní májèlé nínú tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀ kí wọ́n sì sè é jinná, wọ́n máa ń rẹ́ ẹ tínrín-tínrín, wọ́n á kì í pọ̀ mọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sínú ọparun. Ojú ẹ̀ ò wuni rárá, ó dúdú, ó rí wúruwùru, ṣùgbọ́n mo béèrè fún àfikún. Ìrẹsì gan-an ń bọ́ sínú ọparun lọ́dọ̀ wọn, nasi jaha ni wọ́n ń pè é, ìrẹsì tó máa ń lẹ̀, oje àgbọn àti jínjà, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ inú ọparun náà, ẹ lè máa gé e jẹ nínú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ata ńkọ́? Àwa tá a máa ń fọ́nnu pé kò sẹ́ni tó mọ ata jẹ tó wa, ẹ rọra o. Tútù ni wọ́n ń jẹ tiwọn. Dabu-dabu tẹ́ ẹ máa rí lórí gbogbo tábìlì, ata tútù tí wọ́n gé ni, tòmátì, àlùbọ́sà, omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó parí. Tẹ́ ẹ bá rí rica-rica lára orúkọ oúnjẹ, ẹ mọ̀ pé ata ló ni oúnjẹ yẹn, ẹran kàn bá a jókòó ni. Mo ní kí wọ́n bá mi dín in kù, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n sì gbé e wá bó ṣe máa ń wà.

Oúnjẹ àárọ̀ wọn ló tù mí lára jù. Tinutuan, ìrẹsì tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ di mímu, elégédé ló sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, ọ̀dùnkún wà níbẹ̀, àgbàdo wà níbẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n á wá da ẹ̀fọ́ bò ó, kangkung (ẹ̀fọ́ kan tó ń hù létí omi), tẹ̀tẹ̀, ewé kan tó jọ efinrin, àti ewé gedi tó máa ń yọ̀ bí ewédú. Kò sẹ́ran nínú ẹ̀. Ẹja oníyọ̀ díndín àti ata roa ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, roa yẹn ẹja kékeré yíyan ni, wọ́n á gún un mọ́ ata. Ọ̀nà Wakeke ní Manado ló gbajúmọ̀ jù fún tinutuan, mo jẹ ti ibẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n ooru Manado pẹ̀lú ohun gbígbóná láàárọ̀, rárá o. Nínú òtútù òkè ló ti dùn.

Ó wá ku ọjà Beriman yẹn. Gáìdì tí mo gbà (mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó rán an) ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan míì ní gbogbo òkè yẹn. Ó ń nawọ́ sí òjòlá, sí eku igbó onírù funfun tí wọ́n ti fi iná jó irun ara ẹ̀, sí àdán, ó ní ká yafọ́tò, àwọn tó ń tajà sì kàn ń wò wá bí ẹni tó rí wèrè. Ìgbà tá a dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló wá ń sáré! Níbi tí òdòdó ìbẹ́pẹ wà, òdòdó tí wọ́n máa ń sè jẹ o, tó korò díẹ̀, àti cakalang fufu, ẹja tí wọ́n là sí méjì tí wọ́n kàn mọ́ ọparun tí wọ́n sì fi èéfín yan títí tó fi pọ́n bí idẹ. Àwọn tó ṣì ń wá ẹran ajá àti ológbò kiri, ẹ gbọ́, ọjà yẹn ti jáwọ́ nínú títà wọn láti oṣù keje ọdún 2023. Ti àdán, wọ́n ti pa wọ́n tán jù nítòsí, láti àwọn apá ibòmíì ní Sulawesi ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kó wọn wá báyìí, èmi ò rí ìdí tí àlejò fi máa dá kún un torí fọ́tò. Gáìdì yẹn, 2 nínú 5, ìyẹn gan-an torí pé ó mọ ọkọ̀ wà.

Adágún Tondano dáa fún ọ̀sán. Ilé oúnjẹ wà lórí omi, ẹ béèrè mujair sísun, irú ẹja epìyà kan, tàbí nike, àwọn ẹja wínníwínní yẹn, tàbí kolombi, ìyẹn ìṣáwùrú inú adágún náà. Èpò omi ti ń bo ojú adágún yẹn ṣá, ó ń dunni. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, abúlé Kampung Jawa wà nítòsí ibẹ̀, àtọmọdọ́mọ Kyai Mojo, aṣáájú ẹ̀sìn Ìsìláàmù kan, àtàwọn èèyàn ẹ̀ tí àwọn Òyìnbó Họ́láńdì lé kúrò ní Jáfà nígbà ogun 1825 sí 1830 ni wọ́n, wọ́n fẹ́ ọmọ Minahasa, Mùsùlùmí sì ni wọ́n títí dòní, ẹ lè jẹun níbẹ̀ kọ́kàn yín balẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá lè yan àkókò, ẹ lọ nígbà Pengucapan, ìdúpẹ́ ìkórè wọn, àárín ọdún ló sábà máa ń bọ́ sí, àgbègbè kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tiẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé gbogbo ló máa ń ṣí, wọ́n á ní ẹ wọlé wá jẹun láìmọ̀ yín rí, tẹ́ ẹ bá ń lọ wọ́n á tún di nasi jaha àti dodol, ohun dídùn kan tó máa ń lẹ̀, fún yín. Kò sí ètò ìrìn-àjò tí wọ́n lè tà fún yín tó tó ìyẹn o. Wọ́n á fún yín ní saguer, ẹmu wọn, ìyẹn ò ní ṣe yín ní nǹkan kan, àmọ́ cap tikus, ọtí líle tí wọ́n fi saguer yẹn pọn, ẹ kàn fẹnu kàn án kẹ́ ẹ má baà tẹ́ wọn.

Oúnjẹ wọn, 5 nínú 5 láìjanpata. Ẹ mú rupiah, owó Indonéṣíà, olówó bébà dání, ẹ má sì retí oúnjẹ tètè láàárọ̀ Sunday, ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wọn wà.